Orí Tó Kẹ́yìn Tí Bàbá Mi Kò Gbọ́

Ẹ̀yin olùtọ́jú ilé ìkàwé, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí sókè fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan. Bí ẹ bá dé ibi tó ń tì yín lójú, ẹ kà á. Bí ẹ bá dé ibi tí mo ti bú àwọn tó jókòó síwájú yín, ẹ kà á bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀yin lẹ ní kí gbogbo ẹgbẹ́ òǹkàwé yín kọ ohun tí wọ́n rí nínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n wá kà á lójú ẹni tó kọ ọ́, nítorí pé ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí ìwé náà jáde. Ẹ wá ránṣẹ́ sí èmi náà pé àbúrò òǹkọ̀wé ni mí, ọ̀rọ̀ mi yóò dùn ún gbọ́. Kò ní dùn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ti pẹ́ jù lábẹ́ ahọ́n mi, ó sì gbọ́dọ̀ jáde báyìí, torí dókítà ti sọ fún mi pé kò ní pẹ́ tí ọ̀nà tí ì bá gbà jáde yóò fi dí. Ọ̀fun ni àrùn tó ń ṣe mí fìdí sí. Ohùn mi ti lọ, ẹ̀mí mi ò sì ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ẹ̀san ni, kó máa sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ẹ bi mí. Mi ò fẹ́ràn ìwé náà. Mo mọ̀ pé wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi í kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, mo sì gbọ́ ọkùnrin kan lórí rédíò tó ní láti ojú ìwé àkọ́kọ́ lòun ti ń sunkún. Ẹni tó bá ń sunkún láti ojú ìwé àkọ́kọ́, kó lọ fi ojú rẹ̀ han dókítà. Òjò pọ̀ jù nínú ìwé náà. Kò sí ẹni tó lè mu omi níbẹ̀ kó má kọ́kọ́ dúró lójú fèrèsé kó ronú. Gbólóhùn kan á gùn títí, kó tó dé òpin èèyàn á ti gbàgbé ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó kọ̀wé nípa òórùn gọ́ọ̀mù inú ṣọ́ọ̀bù bàbá wa bí ẹni ń kọ̀wé nípa lọ́fínńdà, bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa, aṣọ ló fi ń dí imú. Ó ní odò kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé wa. Gọ́tà ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe odò ló bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú ni pé mi ò sí níbẹ̀. Ìtàn ilé wa ni ìwé náà: bàbá tó ń di ìwé, ìyá tó tètè kú, ọmọbìnrin tó bínú jáde nílé. Àga bàbá mi wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tilẹ̀ rántí ẹsẹ̀ àga tó ń mì. Ológbò wa wà níbẹ̀. Ológbò yẹn ò bá wa gbé pẹ́, olè sì ni. Èmi tí wọ́n bí sínú ilé náà tí mi ò sì jáde níbẹ̀ rí, èmi tí mo ń gé èékánná bàbá wa tí mo ń fọ aṣọ rẹ̀, mi ò rí ara mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá inú ìwé náà bí. Mo wá ara mi láti ojú ìwé dé ojú ìwé bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, mi ò rí nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún un, kò sí ẹni tó bi í léèrè pé ta ló ń se oúnjẹ nílé yẹn.

Kí ẹ tó lè lóye ohun tí mo ṣe, ẹ ní láti mọ ohun tó lé ẹ̀gbọ́n mi jáde. Bàbá Adìwé ni wọ́n ń pe bàbá wa. Ìwé ńláńlá ilé ẹjọ́, ìwé ilé ìwòsàn, ìwé tí ọmọ iléèwé ti fà ya, òun ló ń tún gbogbo rẹ̀ dì. Ẹni tó bá ń di ìwé máa ń lẹ bébà àlòkù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ̀yìn náà lè le, kó tó fi páálí bò ó. Bébà yòówù kó jẹ́ ló ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ ìtàn nígbà náà, ó ń tò ó sábẹ́ tábìlì iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, bébà àlòkù tán, ẹni tí ilé ẹjọ́ rán sì dúró ti Bàbá lórí. Bàbá na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa ìtàn náà ya, ó fi lẹ ẹ̀yìn ìwé wọn, gbogbo rẹ̀ pátá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó ní, "Bàbá, ìtàn mi dà?" Bàbá ò gbójú sókè. Ó ní, "Èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní kà yẹn?" Ọjọ́ náà lẹ̀gbọ́n mi kó ẹrù rẹ̀. Bàbá ní kò gbọdọ̀ tẹ ilé òun mọ́ àfi tó bá wá tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní Bàbá ló máa tọrọ tiẹ̀. Agídí méjì, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Èmi wà láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Ọdún ń gorí ọdún, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ríran mọ́ rárá. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù bọ́ sọ́wọ́ mi, nítorí ó ti kọ́ mi: bí wọ́n ṣe ń to bébà ní ìdì ìdì kí wọ́n tó fi òwú rán an, bí wọ́n ṣe ń tú ìwé láì fà á ya, bí wọ́n ṣe ń lẹ èyí tuntun mọ́ èyí àtijọ́ tí ojú ò fi ní mọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá kàwé fún un. Ìgbádùn tó ṣẹ́ kù fún un nìyẹn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, á gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, á fi àtàǹpàkò méjèèjì wọn ohun tí a ti kà àti ohun tó kù. Á ní, "A ti kọjá ìdajì," tàbí kó ní, "Ó ti kù fẹ́ẹ́rẹ́." Kì í ṣì í. Ìwé ni kò ṣeé fi tan ọkùnrin yẹn jẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí.

Ìgbà náà ni ìwé ẹ̀gbọ́n mi dé láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún yín dé òpin. Tí ẹ bá ti gbọ́ òpin rẹ̀, màá wá sẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ ò bá fẹ́ rí mi lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́." Kí wọ́n kà á. Ta ni "wọ́n"? Ó mọ ẹni tó ń kàwé fún Bàbá dáadáa. Mo ka ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá bó ṣe wà gẹ́lẹ́, mi ò sì mọ̀ pé òun ni yóò jẹ́ ìgbẹ̀yìn ohun tí mo máa kà láì fọwọ́ kàn án. Bàbá gba ìwé náà, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Òwú ni wọ́n fi rán an. Wọn ò kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un." Ó gbé e fún mi padà. Ó ní, "Kà á fún mi, ọmọ mi. Má kánjú."

Ní òwúrọ̀, mo máa ń ka ibi tí a óò kà ní ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fúnra mi, kí nǹkan kan má baà bá mi lójijì. Mo dé ibi tí bàbá inú ìwé náà ti ń ṣàìsàn, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jókòó tì í. Ẹ̀yin èèyàn, èmi ni mo jókòó tì í nígbà àìsàn yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbi tó ti ń kọ nǹkan. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, mo kà á débẹ̀, ẹnu mi kàn fi gbólóhùn kan kún un: "Àbúrò rẹ̀ sì gbé omi wá." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó rántí ẹ." Mo ní, "Ó rántí mi, Bàbá." Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó. Lọ́jọ́ kejì, mo tún fi díẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí àbúrò inú ìwé náà fi ń sọ̀rọ̀, tó ń ṣàwàdà, tó ń rán ìwé, tó ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ibi tí mo fi ẹnu mi kọ dáa ju ibi tó fọwọ́ kọ lọ. Òjò ò rọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mo gbìn ló wá gún mi lẹ́sẹ̀. Bí Bàbá ṣe ń gbọ́ nípa àbúrò yẹn, ẹ̀gbọ́n ni inú rẹ̀ ń yọ́ sí. Ó ní, "Ọmọ tó lè rántí àbúrò rẹ̀ báyìí, inú rẹ̀ ò lè burú. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Bébà yẹn, kò yẹ kí n fà á ya." Ọdún mélòó ni mo fi gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí tí kò jẹ́wọ́ ẹ̀bi kankan fún mi rí! Ó wá ní kí n gbá yàrá kejì, kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa sùn tó bá dé. Èmi ni mo ń sùn ní yàrá kejì. Mo rán an létí. Ó ní, "Ìwọ lè sùn ní ṣọ́ọ̀bù ná. Ìwọ kì í ṣe àlejò." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Bó ṣe rí lójú rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti da májèlé sí i. Ibi tí a dé nínú ìwé náà ni ibi tí bàbá ti fa ìtàn ọmọ rẹ̀ ya. Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ ibi náà pẹ̀lú ìkorò, ẹ̀yin tí ẹ kà á mọ̀. Ó kọ ọ́ pé ìránṣẹ́ ilé ẹjọ́ dúró ti bàbá náà lórí, pé kò mọ ohun tó ń fà ya. Èmi kà á pé ó ń rẹ́rìn-ín. Mo tún kà á pé ọmọ náà wò ó, ó sì pè é ní òpè tó ń fi gbogbo ayé rẹ̀ rán ìwé tí kò lè ka inú rẹ̀. Bàbá wa ò lọ iléèwé jìnnà. Ó ti dàgbà kó tó mọ̀wé kà, ó sì ń tijú rẹ̀, kò jẹ́ kí oníbàárà kankan mọ̀. Èmi mọ ibi tó ti ń dùn ún, nítorí èmi ni mo wà nítòsí. Ó kọjú sí mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó kọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Bàbá." Ó ní, "Tún un kà." Mo wá ń wá irọ́ ara mi padà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù ń bà mí kí n má ṣì í, ojú mi sì wà lórí ìwé tí ọ̀rọ̀ náà ò sí níbẹ̀. Mo rí i bó ṣe ká ọwọ́ rẹ̀ jọ sórí itan. Kò sọ̀rọ̀ yàrá kejì mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Òun náà ti ka ìwé náà. Ó bá mi ní ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ ti dé òpin rẹ̀, àbí? Ẹ̀yin ni mo ń rò nígbà tí mo kà á." Mo ní, "Mo ti kà á tipẹ́." Irọ́ ni. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é, mi ò sì fẹ́ àánú ẹnikẹ́ni. Mo tún sọ fún un pé kó má dárúkọ ìwé náà níwájú Bàbá, pé ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Obìnrin náà gbà mí gbọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n tọ́jú." Ẹ wò ó bí mo ṣe fi iṣẹ́ àánú ṣe ilẹ̀kùn tí mo tì mọ́ òtítọ́.

Orí méjì ló kù. Èyí tó ṣáájú nínú wọn, inú bíbí lásán ló wà níbẹ̀: ọmọ náà jìnnà sílé, ó ní òun ò ní bàbá mọ́. Ibẹ̀ ò nílò irọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí orí tó kẹ́yìn, mo ka ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti padà dé ẹnu ọ̀nà, ó ti kúnlẹ̀, ó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ dárí jì mí, mi ò wá bá yín jà mọ́." Mi ò ka ojú ìwé kejì. Mo pa ìwé náà dé. Mo ní, ìwọ tó o lọ, o tún fẹ́ jẹ́ ẹni tó padà, ìwọ ni wọ́n á tún pàtẹ́wọ́ fún. Irọ́ pípa ti sú mi nígbà náà, ó rọrùn kí n gé e kúrò. Mi ò kàn lè dákẹ́ kí n ní ìwé ti tán, nítorí àtàǹpàkò Bàbá. Ó máa mọ̀ pé ó kù.

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ni mo ṣe é. Mo gbé ìwé náà lé tábìlì iṣẹ́. Mo mú ọ̀bẹ Bàbá, èyí tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fún un. Mo fi aṣọ tútù mú èèpo ẹ̀yìn rọ̀, mo ṣí i, mo gé òwú, mo yọ ìdì tó kẹ́yìn jáde. Gbogbo orí náà ló wà nínú ìdì yẹn, àyàfi ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ tó bọ́ sínú ìdì tó ṣáájú. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á kàn gé ewé yẹn, ewé kejì tí wọ́n jọ jẹ́ bébà kan tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì á sì tú jáde lápá kejì, àṣírí á tú. Èmi gé e, mo fi gọ́ọ̀mù mú ìkejì rẹ̀ dúró, mo tún gbogbo rẹ̀ rán. Ó wá ku bébà àlòkù tí mo máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wò yíká, mi ò rí bébà kankan nítòsí. Mo mú ewé tí mo gé, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ti kúnlẹ̀, mo fà á ya, mo fi lẹ ẹ̀yìn ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Bàbá ò mọ̀ nígbà tiẹ̀. Èmi mọ̀.

Nígbà tó dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fa imú. Ó ní, "Gọ́ọ̀mù tuntun nìyí." Mo ní mo tún ìwé ọmọ iléèwé kan ṣe ni. Ó ní, "O ṣeun." Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo kà á dé ibi tí ọmọ náà ti ní òun ò ní bàbá mọ́. Mo ní, "Ó parí, Bàbá." Ó na ọwọ́, mo gbé e fún un. Ó fi àtàǹpàkò wá ohun tó kù, kò rí nǹkan kan. Ó fi ìka kan tọ ẹ̀yìn ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Ó ní, "Ó parí lóòótọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wá bó ṣe ṣèlérí. Bàbá gbọ́ bó ṣe kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Òun ni?" Mo ní, "Òun ni." Ó ní, "Sọ fún un pé mo gbọ́ ọ dé òpin. Kó máa lọ." Mo jáde lọ bá a, inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé, Ọlọ́run ló mọ̀ pé inú mi dùn. Mo jíṣẹ́ náà. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní, "Ó gbọ́ orí tó kẹ́yìn?" Mo ní, "Èmi fúnra mi ni mo kà á fún un." Ó ní, "Ìwọ náà kà á?" Mo ní, "Mo kà á." Ó tún ní, "Ó wá jẹ́ pé ohun tí ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ bá mi sọ nìyí?" Mi ò mọ ìdí tó fi kà mí mọ́ ọn. Mo rò pé ìgbéraga òǹkọ̀wé ni. Mo ní, "Òun náà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa lọ." Ó yí padà. Ó wọ bàtà tó dára, mo rántí pé mo ń wo bàtà náà títí tó fi kọjá kọ̀rọ̀.

Bàbá ò ní kí n kàwé kankan fún òun mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń rù, ó ń jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ kù díẹ̀, ó ní kí n gbé ìwé ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó fi sí àyà, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó tún ìwé yìí dì mọṣẹ́." Mo fa aṣọ bò ó. Ó ní, "Mo kọ́ ẹ dáadáa." Ó kọjú sí ògiri. Mi ò mọ ìgbà tó mọ̀, bóyá ọjọ́ tí gọ́ọ̀mù ń rùn, bóyá lẹ́yìn tó ti lé ọmọ rẹ̀ lọ. Ká tilẹ̀ ní ó fẹ́ pè é padà, ta ni ì bá rán? Èmi ni mo ń kọ lẹ́tà rẹ̀. Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ mi ló ti ń jẹun. Mo jẹ́ kó kú láì bi í, nítorí mi ò fẹ́ gbọ́ èsì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo fa ìdì tí mo yọ jáde níbi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí. Ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo fẹ́ mọ bó ṣe parí ìgbéraga rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbẹ̀ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ tipẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan sì ṣílẹ̀kùn, kì í ṣe bàbá. Ó wá kọ ọ́ pé: "Mo ti purọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí. Mo ní ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá mi bí. Méjì ni wá. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé yìí nítorí pé ojú rẹ̀ ń tì mí. Mo sá, òun ló dúró. Gbogbo àyè tí mo rí kọ̀wé, òun ló fi ayé rẹ̀ rà á fún mi. Àbúrò mi, ìwọ ni mo kọ́kọ́ wá bẹ̀." Mo ti wá ara mi nínú gbogbo ìwé náà, ibi kan ṣoṣo tí mo wà ni mo fọ̀bẹ gé kúrò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú mi, ó ń bi mí bóyá mo ti kà á, mo sì ní mo kà á, kó máa lọ.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé mo tún kórìíra ìwé náà sí i lẹ́yìn ìyẹn. Mo ní kí ló dé tó fi mí sí òpin, kí ló dé tí kò gbé mi síwájú kí n tètè rí ara mi. Mo fi ìbínú yẹn dákẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Bí wọ́n bá yìn ín lójú mi, màá ní òjò pọ̀ jù níbẹ̀. Títí di òní, òjò pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé kì í ṣe òun ló pa mí rẹ́ kúrò nínú ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí wọ́n fi sórí àga iwájú, ẹ gbọ́ mi. Bàbá ò kọ̀ yín. Bàbá ò gbọ́ orí yẹn. Ó ti ní kí n gbá yàrá kejì fún yín, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòun ṣẹ̀ yín, pé kò yẹ kí òun fa bébà yẹn ya. Èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ yín lọ́wọ́, èmi náà ni mo lé yín. Mi ò ní sọ pé ẹ ti ṣe tiyín náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ṣe é. Mo bẹ̀ yín. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí lónìí, ẹ ṣe é lẹ́yìn tí mo bá lọ, màá gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé tó wà níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni tí kò ríran bá fi etí rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ kà á bó ṣe wà, kódà bí ẹ ò bá sí níbẹ̀. Ẹ kà á dé òpin kẹ́ ẹ tó bínú.

Ẹ̀yin olùtọ́jú ilé ìkàwé, orí tó kẹ́yìn náà wà nínú àpò tí mo fi rán èyí sí yín. Ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti fi omi mú ẹ̀yìn ìwé náà rọ̀, mo ti ṣí i kúrò. Mo ti to àwọn ibi tó ya pọ̀, ó ṣeé kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè báyìí, ẹ má kánjú. Mo wà lẹ́yìn yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, èmi ni mo di ìbòrí mọ́ ọrùn. Gbogbo ayé mi ni mo fi kàwé fún ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó kàwé fún mi rí.